Orí Kẹfà: Ibi Ìwẹ̀ Tí Àgbàlagbà Lè Rìn Wọ̀

Balùwẹ̀ ló sábà máa ń kéré jù nínú ilé, òun náà ló sì le jù fún ẹni tó ti dàgbà. Omi wà nílẹ̀, ọṣẹ ti wọ ojú, kò sì sí nǹkan kan nítòsí tí ọwọ́ lè gbá mú bí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Nínú àwọn ìjàmbá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ fà, ti ojú pópó nìkan ló ń pa ènìyàn ju ìṣubú lọ. Nínú 100 ẹni tó bá kú báyìí, ó lé ní 80 tó jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kéré tàbí tó mọ níwọ̀n, àwọn tó sì ti lé ní 60 ọdún ló pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe balùwẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣubú o. Àtẹ̀gùn wà, ojú gọ́tà wà, àkàbà wà. Àmọ́ balùwẹ̀ ni ibi tí àgbàlagbà ò lè ṣe kó má wọ̀ lójoojúmọ́, òun nìkan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì.

Lọ́dọ̀ wa, gbólóhùn kan péré la fi ń ròyìn rẹ̀: "Màmá ṣubú ní balùwẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ẹbí á jókòó, tí wọ́n á máa wá ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ayé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ balùwẹ̀ náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòro láti tẹ̀ lé. Bí ènìyàn bá jókòó lórí àpótí kékeré láti wẹ̀, tó sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀ sí ẹsẹ̀. Lára ọ̀dọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀ lójú ẹsẹ̀, ọkàn á yára díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ti padà dé ọpọlọ kó tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Lára àgbàlagbà, ètò yìí ti lọ́ra. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń lò lè túbọ̀ mú un lọ́ra sí i, omi gbígbóná náà sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òòyì á kọ́ ọ. Bó bá wá jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ló ń gbé ẹsẹ̀ kọjá ìdènà ẹnu ibi ìwẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi dúró, lórí ilẹ̀ tí ọṣẹ wà. Lára obìnrin, egungun máa ń yára fúyẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, nítorí náà ìṣubú tí ọmọ ogún ọdún á fi ṣẹ̀rín lè ṣẹ́ egungun ìgbáròkó ìyá-ìyá rẹ̀. Egungun ìgbáròkó tó ṣẹ́ ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìdùbúlẹ̀ yìí ló sì ń bí egbò ẹ̀yìn, òtútù àyà àti ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan. Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ pé rọpárọsẹ̀ ló kọ́kọ́ kọlu ènìyàn, tí ìṣubú sì tẹ̀ lé e. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó dára kò lè dá àìsàn náà dúró, ṣùgbọ́n ó lè má jẹ́ kí orí fọ́ mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń kọ́ balùwẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bíríkìlà máa ń mọ ìdènà kan sí ẹnu ibi ìwẹ̀ kí omi má bàa ṣàn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn tó rí já jẹ kọ́ nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé ní àwọn ọdún 1970, ọpọ́n ìwẹ̀ gígùn ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ẹ wọ mélòó kan nínú wọn lónìí, ẹ ó rí i pé omi ni wọ́n ń pọn sínú ọpọ́n náà. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ á dúró sí àlàfo kékeré tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú báàkẹ́tì. Ọpọ́n ìwẹ̀ ti di àmù.

Ṣáwà ìrìnwọlé ni orí yìí dá lé: ibi ìwẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀ balùwẹ̀ tó kù jẹ́ ọ̀kan náà, tí kò ní ìdènà, tí kò ní ọpọ́n, tí ènìyàn lè wọ́ ẹsẹ̀ wọ̀, tàbí kí wọ́n tì í wọ̀ lórí àga onítáyà. Ìjókòó wà níbẹ̀, irin ìdìmú wà lára ògiri, ṣáwà olókùn tí a lè fà sọ́dọ̀ ara sì wà níbi tí ọwọ́ á tó o. Ohun tí àwọn tó ń ta ohun èlò rẹ̀ kì í sọ ni pé gbogbo iṣẹ́ tí ìdènà ẹnu ọ̀nà ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ti ilẹ̀. Bí ilẹ̀ náà kò bá dà gẹ̀rẹ́ bó ṣe yẹ, omi á bá yín dé yàrá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtajà táìsì. Ohun tí ojú kò ní rí mọ́ bí iṣẹ́ bá parí ló yẹ kó gba owó àti sùúrù jù.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ìsàlẹ̀ ni balùwẹ̀ náà wà tàbí òkè. Nísàlẹ̀, a lè fọ́ ilẹ̀, kí a gbẹ́ ẹ wọlé díẹ̀, kí páìpù lè sùn sínú rẹ̀. Lórí dẹ́kìn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kọ́lékọ́lé tó mọ iṣẹ́ máa ń rẹ ibi tí balùwẹ̀ máa wà sílẹ̀ ju yàrá lọ láti ìgbà tó bá ti ń da dẹ́kìn. Bí kò bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ dẹ́kìn tó ti gbẹ, torí irin tó gbé ilé ró wà nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni kí a gbé gbogbo ilẹ̀ balùwẹ̀ ga, kí a sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tàbí kí páìpù gba abẹ́ àjà àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Ní tèmi, bí ènìyàn bá ti lé ní àádọ́rin ọdún tí yàrá rẹ̀ ṣì wà lókè, ẹ kọ́kọ́ gbé yàrá náà wá sísàlẹ̀. Ṣáwà tó dára jù láyé kò ní kó má gun àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Kò wọ inú balùwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kò sí ohun tó burú nínú kí a yá ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é pẹ́. Ìlànà ìkọ́lé tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010 lábẹ́ òfin àwọn aláàbọ̀ ara wọn sọ pé ibi ìwẹ̀ tí ènìyàn á ti sún kúrò lórí àga onítáyà bọ́ sórí ìjókòó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínṣì 36 sí 36, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 91 lọ́nà méjèèjì. Èyí tí wọ́n á ti àga onítáyà wọ̀ tààrà kò gbọ́dọ̀ dín ní ínṣì 30 sí 60. Ìjókòó á ga tó ínṣì 17 sí 19 láti ilẹ̀. Irin ìdìmú á wà ní ínṣì 33 sí 36, ó sì gbọ́dọ̀ lè gba ẹrù tó tó kílò 113 láìmì. Ínṣì ni mo fi kọ ọ́ nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà àti pọ́lọ́ńbà wa ń pè.

Ìwọ̀n orí ìwé kò tó, nítorí pé kì í ṣe ará Amẹ́ríkà kan ló fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ibi ìwẹ̀ náà sílẹ̀ gbẹrẹfu, ẹ gbé àga kan sínú rẹ̀, kí Bàbá tàbí Màmá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣe bí ẹni ń fọ ẹsẹ̀, kí wọ́n sì dìde. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ wọn ń lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Ibẹ̀ ni irin ìdìmú gbọ́dọ̀ wà. Bí rọpárọsẹ̀ bá ti mú apá ọ̀tún, òsì ni irin náà á wà, ẹ má jẹ́ kí ẹwà ògiri pinnu rẹ̀. Bí ẹ bá lè rí físíò kan bá yín wò ó, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, wọ́n ní ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, èyí tó ṣí ní 2012. Ìbéèrè nípa balùwẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n nígbà tí ẹ bá gbé Màmá lọ fún àyẹ̀wò.

Ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Bó bá ń ṣí wọ inú, ẹni tó bá ṣubú sẹ́yìn rẹ̀ ló máa fi ara tì í pa, àwọn tó fẹ́ gbà á là á sì máa fọ́ ilẹ̀kùn lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó máa ṣí síta, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a lè ṣí láti ìta.

Abẹ́ táìsì

Ìdàgẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ibi ìwẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 sí mítà kan, tàbí ìdá mẹ́rin ínṣì sí ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ògiri tó jìnnà jù bá wà ní mítà kan ààbọ̀ sí ihò omi, ìdí ògiri náà gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu ihò lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3. Bó bá dín, omi á dá rọ́gọ́dọ́, ọṣẹ á sùn sínú rẹ̀, ewé odò á hù. Bó bá pọ̀ jù, àga ìwẹ̀ kò ní dúró dáadáa, ẹsẹ̀ tí kò lágbára á sì máa sún lọ. Àwọn àgbà ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Wọn kò tíì rí iṣẹ́ onítáìsì tó ń kánjú.

Ibi tí ihò omi wà ló ń sọ irú táìsì tí a lè lò. Bí ihò náà bá wà láàárín, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ láti ọ̀nà mẹ́rin wá bá a. Táìsì ńlá kò lè ká bẹ́ẹ̀ àfi kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, nítorí náà táìsì kéékèèké ló yẹ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò gígùn tó nà lẹ́bàá ògiri bí ojú gọ́tà, ọ̀nà kan péré ni ilẹ̀ á dà gẹ̀rẹ́ sí, táìsì ńlá á sì ṣe é. Mo fẹ́ràn táìsì kéékèèké síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé àwọn ojú àlàfo tó pọ̀ láàárín wọn máa ń di ẹsẹ̀ mú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ ni pé táìsì kọ́ ló ń dá omi dúró. Omi ń gba ojú àlàfo táìsì wọlé lójoojúmọ́, pàápàá bó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì funfun lásán ni wọ́n fi dí i, tó sì ti sán. Ohun tó ń dá omi dúró ni kẹ́míkà ìdènà omi tí wọ́n kùn sórí ilẹ̀ àti ara ògiri kí táìsì tó gun orí rẹ̀. Ìpele méjì ni ó kéré tán, kí èkíní gbẹ kí èkejì tó lọ. Wọ́n á kùn ún gba gbogbo igun tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri, yípo ẹnu ihò omi, kó sì gòkè dé ibi tí ṣáwà ń ta omi dé. Igun ni omi ti máa ń rí àyè jù, nítorí náà wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ tó wà fún un sínú kẹ́míkà náà níbẹ̀. Nínú ṣáwà tí kò ní ìdènà, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n kùn gbogbo ilẹ̀ balùwẹ̀, kó má mọ sí ibi ìwẹ̀ nìkan.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀. Bí kẹ́míkà náà bá ti gbẹ, ẹ dí ihò omi pa, ẹ fi àpò yanrìn tàbí sìmẹ́ńtì díẹ̀ dá ẹnu ọ̀nà dúró, ẹ da omi kún ilẹ̀ náà, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ara ògiri níbi tí omi dé. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè mú díẹ̀ lọ, àmọ́ bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ gidi sábẹ́ ìlà, tàbí tí ọ̀rinrin yọ lẹ́yìn ògiri, iṣẹ́ kò tíì tán. Onítáìsì tó bá ní kò sídìí fún èyí, tó ní òun ti ń ṣe é bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Ẹ má gbàgbé tírápù. Páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ ihò omi yìí ló ń gba omi díẹ̀ dúró, omi náà ló sì ń dí òórùn àti aáyán inú sókàwéè lọ́nà. Àwọn kan máa ń ri páìpù tààrà mọ́lẹ̀ láìfi tírápù sí i, kí iṣẹ́ lè yá. Ilé á máa rùn, onílé á máa ra oògùn aáyán.

Ní ti táìsì fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí àwọn ará Jámánì fi ń dán an wò lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á bọ́ bàtà, wọ́n á fi okùn so ó kó má ṣubú, á dúró lórí pátákó tí wọ́n to táìsì sí, wọ́n á máa da omi ọlọ́ṣẹ lé e, wọ́n á sì máa gbé pátákó náà dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ibi tó bá dé kó tó yọ̀ ló ń sọ bóyá táìsì náà jẹ́ A, B tàbí C. A wà fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, B wà fún ibi ìwẹ̀, C sì wà fún àtẹ̀gùn tó wọ inú omi ìlúwẹ̀ẹ́. Àmì kejì tó máa ń wà lára páálí ni R9 títí dé R13. Bàtà àti epo ni wọ́n fi dán ìyẹn wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán, nítorí náà lẹ́tà A, B tàbí C náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Páálí tí kò ní àmì kankan ló pọ̀ jù lọ́jà wa. Ẹ ní kí olùtajà fún yín ní ẹyọ kan, ẹ da omi ọlọ́ṣẹ sí i nílẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ di nǹkan kan mú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Táìsì tó ń dán gbinrin bíi dígí, tí gbogbo ayé fẹ́ràn fún pálọ̀, kò ní ohun tó ń wá ní balùwẹ̀ àgbàlagbà.

Ó ku àwọ̀. Bí ojú bá ti ń di ti àgbà, ó ṣòro fún un láti mọ ibi tí ohun funfun kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Balùwẹ̀ tí ilẹ̀, ògiri, ìjókòó àti irin rẹ̀ funfun látòkè délẹ̀ lè lẹ́wà nínú fọ́tò, àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kò ní mọ ibi tí òun ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ògiri lọ, kí irin ìdìmú sì ní àwọ̀ tó yàtọ̀ pátápátá.

Ògiri, omi àti iná

Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń mọ ilé lọ́dọ̀ wa, ti ínṣì 6 àti ti ínṣì 9, ihò ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kan irin ìdìmú mọ́ ọn lásán, síkúrù á wọ èèpo búlọ́ọ̀kù nìkan, lẹ́yìn rẹ̀ afẹ́fẹ́ ni. Irin náà á dúró ṣinṣin títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí bíríkìlà fọ́ ojú búlọ́ọ̀kù níbi tí irin máa wà, kó rọ kọnkéré kún ihò náà, kó jẹ́ kó gan dáadáa kó tó rẹ́ ògiri. Ẹ ṣe èyí sí ibi tó pọ̀ ju ibi tí ẹ nílò lónìí lọ, nítorí pé ara tó lágbára lónìí lè nílò irin kejì lọ́dún tó ń bọ̀. Irin tí a ń fi aṣọ ìnura kọ́ kì í ṣe irin ìdìmú o. Àgbàlagbà kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀, nítorí náà ẹ má gbé e sítòsí.

Omi ńkọ́? Gbogbo mítà 10 tí ojú omi inú táǹkì bá fi ga ju orí ṣáwà lọ ló ń fún wa ní agbára tó tó bar kan. Táǹkì tó ga ju orí ṣáwà lọ ní mítà 3 ń fún wa ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ péré. Ọ̀pọ̀ orí ṣáwà ńlá tí wọ́n ń kó wọlé ni wọ́n ṣe fún omi tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi olùtajà bóyá ó lè bá omi táǹkì ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ tó ń tì í. Kí ẹ sì gbà pé báàkẹ́tì kò ní kúrò nílé wa lónìí tàbí lọ́la: iná á lọ, omi á dá. Ẹ ní kí bíríkìlà mọ pèpéle kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, tó ga tó orúnkún, kí báàkẹ́tì lè máa jókòó lé e, kí ẹni tó ń wẹ̀ má bàa máa tẹ̀ ba. Lítà 20 omi wọn kílò 20. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ ilé gbé e síbẹ̀.

Omi tó gbóná dé 60°C lè jó awọ ara gidigidi láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ní 49°C, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ṣe é lọ́ṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ìlànà Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi fi ṣáwà mọ síbẹ̀. Awọ àgbàlagbà fẹ́lẹ́, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà sì lè ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò fi ní tètè mọ̀ pé omi ń jó òun. Bí apá bá ká a, ẹ ra ẹnu ẹ̀rọ tó ń po omi gbígbóná àti tútù pọ̀ fúnra rẹ̀, tí kì í jẹ́ kó kọjá ìwọ̀n tí a bá fi í sí. Ẹ̀rọ amómigbóná oníná gbọ́dọ̀ ní wáyà ilẹ̀ gidi àti ẹ̀rọ tó ń já iná lójú ẹsẹ̀ bí iná bá jò tó mílíámpù 30. Rìwáyà tó bá ní ilé yìí ti pẹ́, kò ní wáyà ilẹ̀, àmọ́ kò séwu, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan balùwẹ̀ yín. Gílóòbù tó ń gba iná sínú, tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, kò wọ́n. Ọ̀kan yẹ níbẹ̀.

Àwọn tí a ó gbé iṣẹ́ fún

Pọ́lọ́ńbà, bíríkìlà, rìwáyà, onítáìsì: ọwọ́ mẹ́rin ló ń bọ̀ lórí yàrá kékeré kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì mọ ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Bí omi bá dá rọ́gọ́dọ́, onítáìsì á ní pọ́lọ́ńbà ló gbé ẹnu ihò ga jù. Pọ́lọ́ńbà á ní bíríkìlà ló tẹ́ ilẹ̀. Bíríkìlà á ti lọ sí Ṣàgámù. Ohun tó dára jù ni kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà, kó kó àwọn yòókù wá, kó sì dáhùn fún gbogbo rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, onítáìsì tó mọ kẹ́míkà ìdènà omi dáadáa ni mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ ọ̀gá, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ló kẹ́yìn sórí ilẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ṣáà rí i pé pọ́lọ́ńbà àti onítáìsì jọ dúró sójú kan náà, pẹ̀lú léfẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó ri ihò omi mọ́lẹ̀.

Ní Èkó àti ní àwọn ìlú tó wà létí ààlà, ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń wá onítáìsì ará Kùtọnu tàbí Tógò, orúkọ wọn sì dára nídìí iṣẹ́ títẹ́jú. Orúkọ ìlú kì í tẹ́ ilẹ̀ ṣá. Àwọn kan ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò iṣẹ́ ọwọ́ tí Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń fúnni. Ẹ béèrè fún un, ẹ yẹ́ ẹni tó bá ní in sí, àmọ́ ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ ní kó mú yín lọ sí balùwẹ̀ tó ṣe ní ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn, kì í ṣe èyí tó parí lánàá. Iṣẹ́ àná máa ń dára lójú gbogbo ènìyàn. Níbẹ̀, ẹ da omi gàráwá kan sílẹ̀, ẹ wo ibi tó ń lọ àti bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ wo ògiri tó wà lẹ́yìn ibi ìwẹ̀ bóyá ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí oníṣẹ́ kò sí nítòsí.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí ìdáhùn wọn ń tú oníṣẹ́ fó. "Ìdàgẹ̀rẹ́ mélòó lo máa fún ilẹ̀ yìí?" Ẹni tó bá ní "A ó wò ó tí a bá débẹ̀" kò tíì ṣe é rí. "Kẹ́míkà wo lo máa ń lò, ọjọ́ mélòó ló máa fi gbẹ?" "Kí lo máa kùn sí ẹnu ihò omi?" Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n á máa bi ẹ̀yin náà ní ìbéèrè: ta ló fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ wo ló lágbára, ṣé wọ́n ń lo ọ̀pá.

Ní ti owó, ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́. Ẹ bá a lọ ra ọjà, tàbí kí ẹ gba orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ lọ rà á fúnra yín. Ẹ̀gúnjẹ wà láàárín olùtajà àti oníṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjà, òun ló sì ń sọ kẹ́míkà gidi di garawa ọ̀dà lásán. Ẹ ra páálí táìsì kan lé e pa mọ́, nítorí pé bó bá ṣe ọdún mẹ́ta tí ọ̀kan fọ́, irú rẹ̀ lè má sí lọ́jà mọ́. Owó iṣẹ́ ni kí ẹ pín, kí ẹ sì so ìpín kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tí ojú rí: díẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tí páìpù bá sùn tí kọnkéré sì wà nínú búlọ́ọ̀kù, èyí tó tóbi jù nígbà tí omi wákàtí 24 bá dúró sójú ìlà, ìyókù lẹ́yìn tí táìsì bá parí. Nínú ìyókù yìí, mo máa ń dá díẹ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń wẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lédè tí ẹ jọ gbọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Oníṣẹ́ rere kì í bínú sí ìwé, torí ó ń gbà á lọ́wọ́ onílé tó máa ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Bó bá jẹ́ ọmọ tó wà ní London tàbí Houston ló ń fi owó ránṣẹ́, fọ́tò táìsì tó ń dán lórí WhatsApp kò sọ nǹkan kan fún un. Fídíò omi tó dúró sójú ìlà pẹ́ńsùlù ni kó béèrè, ti òní àti ti ọ̀la ní àkókò kan náà, kó tó fi ìpín tó tẹ̀ lé e ránṣẹ́. Kó wá ẹnì kan tí kì í ṣe oníṣẹ́, tí kì í sì í ṣe àbúrò tó ń tọ́jú owó, láti máa lọ wò ó. Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí ń bá a gbé, ọ̀nà mìíràn wà. Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń fúnni ní owó ìrànlọ́wọ́ fún àtúnṣe ilé aláìlera, tó lè tó £30,000 ní England àti £36,000 ní Wales. Òṣìṣẹ́ ìlera kan á kọ́kọ́ wá wo ohun tí ẹni náà nílò, wọ́n á sì wo owó tó ń wọlé fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìwé ìfọwọ́sí tó jáde, nítorí pé wọ́n lè tìtorí ẹ̀ kọ̀ láti san án.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá rẹ́ ògiri, kí táìsì tó bo gbogbo rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lára rẹ̀: ibi tí páìpù gbà, ibi tí wáyà gbà, ibi tí kọnkéré wà nínú búlọ́ọ̀kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì táìsì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi irin ìdìmú kejì kún un, ẹni tó ń lu ògiri á mọ ibi tí òun kò gbọ́dọ̀ lù.